Dókítà ní kí n máa ṣe ẹ́sásáìsì torí ọkàn tó wúwo. Ta ló ti ṣe é rí?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, mo kàn máa ń kà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ pa mí. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, ó ti tó oṣù méje báyìí, ara mi ò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oorun á gbé mi lọ láago mọ́kànlá, tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru ojú mi á ti là kedere, màá wá máa wo àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa ṣàwàdà, gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín, èmi á kàn máa wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn ẹ̀. Aṣọ ẹbí tó yẹ kí n rán lọ́jọ́ méjì ń gbà mí lọ́sẹ̀ kan, àwọn oníbàárà ti ń bínú.

Ìyàwó mi ló fi tipátipá mú mi lọ sọ́sípítù. Dókítà tó rí mi, ọmọbìnrin kékeré kan báyìí, ó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀, ó ní àárẹ̀ ọkàn ni, ó ní kí n máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ká jọ máa sọ̀rọ̀, ó wá ní kí n máa ṣe ẹ́sásáìsì. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní dókítà, ìdí maṣíìnì ni mo ń jókòó sí láti mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́jọ alẹ́, tí mo bá fi máa dìde ìbàdí mi ti kú, ẹsẹ̀ mi ti wú, ẹ wá ní kí n lọ máa sáré? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ìyẹn gan-an lòun ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè mi rèé: ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ṣé ó ṣiṣẹ́? Báwo lẹ sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ò tiẹ̀ fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Èmi ti ṣe é rí. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì mi, ẹkún ni mò ń sun láàárọ̀ lálẹ́ láìnídìí, ọkàn mi máa ń sọ fún mi pé mi ò yẹ lẹ́ni tó ń bímọ, tí ọ̀kan bá ń ké màá kàn jókòó máa wò ó. Ìyá ọkọ mi ní àwọn tó bí ìbẹ́ta ńkọ́. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí a lè pe nǹkan náà, wọ́n ṣáà ní kí n máa dúpẹ́.

Màmá kan wà ládùúgbò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n máa ń rìn ní ìdájí lójoojúmọ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan, wọn ò bi mí pé kí ló ń ṣe mí, wọ́n ní "gbé ọ̀kan pọ̀n, gbé ìkejì wá." Bí àwa méjèèjì ṣe jáde nìyẹn, wọ́n pọn Táíwò, mo pọn Kẹ́hìndé, a rìn láti Ìbarà títí a fi fẹ́ẹ̀ dé Pánṣẹ́kẹ́, a yí padà. Wọn ò sọ̀rọ̀ tó ogún lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n wá rìnrìn àjò, mo mọ̀ pé tí mo bá sọ fún ara mi pé mo ń lọ ṣe ẹ́sásáìsì, mi ò ní jáde láéláé, nítorí náà iyọ̀ ni mo ń lọ rà. Oníyọ̀ wà lẹ́nu géètì mi o, ṣùgbọ́n ti òkè lọ́hùn-ún ni mò ń lọ rà. Lọ́la, máágì. Lọ́tùnla, ìṣáná. Títí dòní iyọ̀ kún ilé mi.

Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi ò kàn ṣàdédé dùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ebi pa mí. Ebi gidi! Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ mẹ́ta lórí ìdúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni oorun padà. Ẹ̀rín ló kẹ́yìn, ó tó oṣù méjì kó tó dé.

Alábàárù Bódìjà:
Ẹ má bínú sí mi o, mo fẹ́ sọ tinú mi. Àpò ìrẹsì 50 kílò ni mò ń rù láti aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, láti ẹ̀yìn tírélà dé inú ṣọ́ọ̀bù, mo tún ń ru ẹ̀wà, mo tún ń ru gàrí. Tó bá jẹ́ pé kí ara máa ṣiṣẹ́ ló ń mú inú dùn, èmi ló yẹ kí n máa rẹ́rìn-ín jù ní gbogbo Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé lálẹ́, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi bá mi sọ̀rọ̀. Ọkàn mi á kàn dúdú. Mo máa ń rí àwọn tó ń sáré káàkiri Ẹ̀sítéètì láàárọ̀ pẹ̀lú wáyà létí, èmi máa ń wò wọ́n pé ẹni tí ebi ò pa ló ń wá ibi tí òógùn á ti jáde. Nítorí náà kí dókítà lọ wá nǹkan míì sọ.

Ọmọ Òkè-Bọ́là:
😂😂 Alábàárù ti pa kéèsì. Ó lọ́rọ̀ lẹ́nu ṣá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n alábàárù sọ yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù àárẹ̀ ọkàn, mo ti rí bíríkìlà, mo ti rí àwọn tó ń fọ́ òkúta, tí ìrẹ̀wẹ̀sì gbé wá bá wa. Àwọn tó ń ṣèwádìí náà rí i pé iṣẹ́ agbára tí èèyàn ń ṣe torí àtijẹ kì í ṣe ọkàn lóore tó eré tí èèyàn fúnra ẹ̀ yàn. Ẹni tó ń ru àpò kò lè sọ pé ó tó, kò lè sinmi nígbà tó wù ú, ibi kan náà ni ẹrù ń tẹ̀ lára ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹlẹ́rù ń pariwo mọ́ ọn, ó tún ń ṣírò owó lọ́kàn. Ara ń ṣiṣẹ́, ọkàn wà nínú àjàgà. Télọ̀ tó jókòó fún wákàtí méjìlá, ara tiẹ̀ ò tiẹ̀ rìn rárá, ọrùn àti ìbàdí nìkan ló ń jìyà. Ó ti rẹ ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà rẹ̀ yín ò jọra.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára nígbà téèyàn bá ń rìn kánkán tàbí tó ń sáré: ọkàn-àyà á lù, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn dé ọpọlọ dáadáa, ara á tú oríṣiríṣi nǹkan jáde. Endorphin ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí ní Jámánì fún àwọn asáré ní oògùn tó ń dí endorphin lọ́nà, síbẹ̀ ara àwọn yẹn yá gágá lẹ́yìn eré. Ohun tí wọ́n wá fura sí jù ni endocannabinoid, nǹkan tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe tó bá ohun tó wà nínú igbó tí wọ́n ń mu tan. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù sí mi ni oorun. Ara tó bá ṣe eré lọ́sàn-án máa ń sùn wọra lálẹ́, ọkàn tí ò bá sì sùn kò lè gbádùn, kò sí bó ṣe lè rí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ẹ̀rí: James Blumenthal àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Duke, l'Ámẹ́ríkà, gbé èsì kan jáde lọ́dún 1999. Àwọn èèyàn 156 tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹni 50 ọdún sókè ni gbogbo wọn, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan ń ṣe eré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn kan ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní sertraline, àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16, ara gbogbo wọn ti ń yá, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwọn tó ń lo oògùn nìkan ló tètè rí ìyàtọ̀, ti eré máa ń falẹ̀ kó tó jẹ. Torí ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n á ní irọ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ohun tí mo kọ yìí dá oògùn tí dókítà fún un dúró o. Mo ti rí i tó dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá sì ti di pé èèyàn ń rò ó pé ó sàn kóun kú, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bàtà eré, ẹ má dá a fi sílẹ̀, kí ẹnìkan tẹ̀ lé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an. UCH wà n'Íbàdàn, Arò wà l'Ábẹ́òkúta, Yábàá wà l'Ékòó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Bọ́là:
Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ní ara mi ń gbin igbó tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? NDLEA ò gbọdọ̀ gbọ́ o.

Alábàárù Bódìjà:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn láìfi mí ṣẹ̀sín. Kí lẹ wá ní kí n ṣe? Torí mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sinmi, ẹ jáde lọ rìn, kẹ́ ẹ má ru nǹkankan. Ọwọ́ òfìfo, orí òfìfo. Kẹ́ ẹ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rán yín níṣẹ́. Ìṣẹ́jú ogún tó. Kí ẹ wá sọ fún wa.

Awakọ̀ Ìwó Road:
Tèmi ò jọ tẹni tó ń sunkún o, ìbínú ni tèmi. Mo lè bá agbèrò jà torí ọgọ́rùn-ún náírà, mo lè bá èrò jà torí ṣéńjì, tí mo bá délé màá tún bá ìyàwó jà torí pé ọbẹ̀ tutù. Dókítà ò tiẹ̀ rí mi rí. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń gbá mọ́ńkì póòsì ní gbogbo àárọ̀ Sunday, ọ̀kan nínú wọn ò wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní bọ̀ọ̀dá ẹ wọlé. Mo wọlé pẹ̀lú sílípáàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi gbá a, mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ́ kú. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo padà sílé, mo jẹun, mo sùn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ìyàwó mi wá bi mí pé ṣé mo ti gbọ́ ìròyìn burúkú kan ni, kí ló dé tí mo dákẹ́.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Tí mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ kan, òun gan-an lá ní "Bàbá Bọ̀dé, ẹ ò lọ gbá bọ́ọ̀lù yín ni?" Ìmọ̀ràn mi: ẹ má gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi owó sí. Ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ìjà ti wọ̀ ọ́, ẹ óò kàn tún padà sílé pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ gbé jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òtútù. Ní December ní London níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Ẹni tó ń ṣe ṣíìfù bíi tèmi, òkùnkùn ló máa fi jáde nílé, òkùnkùn ló máa fi padà. Ọdún àkọ́kọ́ mi, mo rò pé àárò ilé ló ń sọ mí, mo ń pe màmá mi lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọdún kejì, mo ń pe wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìyẹn ló kó mi láyà jẹ, torí mo mọ ara mi.

GP mi, ìyẹn dókítà àdúgbò mi, ló sọ fún mi pé kí n lọ sí parkrun, níbi tí àwọn èèyàn ti jọ ń sáré tàbí rìn nínú páàkì. Ọjọ́ Saturday, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kílómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́. Bushy Park ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2004, báyìí ó ti wà káàkiri. Mo lọ sí ti Burgess Park tó súnmọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni màá kẹ́yìn, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n ní ẹnìkan tí iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn, òun ló máa ń wọlé kẹ́yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè kẹ́yìn láéláé. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí ju eré fúnra ẹ̀ lọ. Màmá Jàmáíkà kan ló máa ń rìn kẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, a jọ rìn ín, a sọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní tiwọn dáa ju tiwa lọ, mo ní irọ́ ni.

Ohun mìíràn tí mo rí: ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ò mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún yín. Ẹ jáde sínú ẹ̀ kó tó gbóná.

Wòlíì Orí Òkè:
Gbogbo eléyìí dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ayé le. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí ò rí oorun sùn, àdúrà ló kọ́kọ́ yẹ kó gbà. Kó gorí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Àmín sí àdúrà o, Wòlíì, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun òkè lóṣooṣù, tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́, tẹ́ ẹ ń jó, tẹ́ ẹ ń fò sókè láti alẹ́ mọ́jú, kí lẹ pe ìyẹn? Ẹ́sásáìsì ni jàre. Torí ẹ̀ lára yín ṣe le.

Wòlíì Orí Òkè:
😂 Màmá, ẹ ti mú mi.

Ọmọ Ṣómólú:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń sọ pé "jáde, jáde." Ṣé ẹ mọ ohun tó wà níta fún obìnrin tó sanra díẹ̀ tó ń sáré láàárọ̀? Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan ní "ọ̀rọ̀bọ̀, ilẹ̀ ń mì o." Ọjọ́ kejì ajá lé mi. Ọjọ́ kẹta àwọn ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹrin mo sunkún kí n tó wọ bàtà. Ẹ sọ fún mi bí ìyẹn ṣe máa tún ọkàn ẹni ṣe.

Mo wá lọ sí jíìmù, mo sanwó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni mo lọ. Dígí ló yí gbogbo ibẹ̀ ká. Ẹni tó ń kọ́ wa gbé mi sórí ẹ̀rọ bíi pé mo fẹ́ lọ sí Òlíḿpíìkì, orúnkún mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ń ro ara mi pin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó bá mi lára mu ni ijó. Mo tilẹ̀kùn, mo ju kọ́tìnì sílẹ̀, mo tẹ fújì, mo jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó wẹ̀. Mi ò ka ìkankan, mi ò wo dígí. Tí onílù bá ti bọ́ sí ibi tí ìlù ti ń yára yẹn, òógùn á bò mí, mi ò ní mọ̀ pé mo ti ń kọrin sókè. Onílé ìsàlẹ̀ wá bá mi pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí òun láago mẹ́fà àárọ̀. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ṣé mo lè yí i sókè díẹ̀ sí i káwọn náà lè gbọ́ ọ.

Ẹni tí òde ò bá gbà, kí ó wá tiẹ̀ nínú ilé. Okùn fífò wà, ijó wà, gbígun àtẹ̀gùn wà.

Alhaja Ṣakí:
Kókó ni kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ó wù mí kí n máa kírun nínú ilé, àgbà ti dé. Ọmọ mi ọkùnrin ní rárá, màmi, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí fún àsùbá. Kò sí ọjọ́ tí mo ní láti bi ara mi pé ṣé màá lọ lónìí, torí ìrun ò ní ọjọ́ ìsinmi. Lójú ọ̀nà, ẹ kú òwúrọ̀ níbí, ẹ jí ire lọ́hùn-ún, ẹni tí ò rí mi lọ́jọ́ kan á wá bèèrè mi. Mo mọ̀ pé kíkí yẹn wà lára oògùn náà.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ò kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lánàá pé "mama e lo oogun yin o," mo ní ṣé òógùn ni àbí oògùn? Ó ní méjèèjì.

Ọmọ Òkè-Bọ́là:
Mama for president!

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Alhaja ti sọ èyí tí mo gbàgbé. Àwọn tó bá bi mí ní iye: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, tó bá jẹ́ ìrìn kánkán, tàbí 75 sí 150 tó bá jẹ́ eré líle. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ní díẹ̀ sàn ju kò sí lọ. Ẹni tó ń ṣàárẹ̀ ọkàn, tó o bá ka 150 sí i létí, ó máa dùbúlẹ̀ padà ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo máa ń sọ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu géètì tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà, ẹ padà, ó ti kà.

Ẹ sì rántí pé ọ̀rọ̀ pé kí aláàárẹ̀ ọkàn wà láàárín èèyàn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà àárẹ̀ ọkàn, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, tí àwọn tó ń gba ìtọ́jú ń bá àwọn ará abúlé gbé, tí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kàkà kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo tún kà á fún ìyàwó mi.

Mo mú ti Ìyá Ìbejì àti ti Nọ́ọ̀sì. Mo pinnu pé òkè Premier ni màá máa gùn láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ò dé ìdajì, mo jókòó sórí òkúta, ẹni tó ń ta búrẹ́dì bi mí pé ṣé kóun pe ẹnìkan. Ọjọ́ kejì mi ò lọ. Ọjọ́ kẹta mi ò lọ. Ọjọ́ kẹrin ìyàwó mi ní ká lọ wo bóyá ẹni tó ń ta búrẹ́dì ṣì wà níbẹ̀. A lọ.

Ní Saturday tó kọjá mo dé òkè pátápátá. Ẹ wo gbogbo Ìbàdàn tó tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹ, páànù dúdú lọ súà. Mo rí Cocoa House. Bàbá mi ṣọ́ géètì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti gbàgbé, ẹ gbọ́ ná, mo ti gbàgbé pé tí a bá wà lọ́mọdé wọ́n máa ń sọ fún wa pé ilé àwọn nìyẹn. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Láti ọjọ́ ìsìnkú mi ò tíì sunkún rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn títí aago márùn-ún kọjá.

Kò tíì lọ o. Ní Monday àti Tuesday mo tún jí láago mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mo ti ní nǹkan tí màá máa dúró dè kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan: tí mo bá ti rán aṣọ kan tán, màá dìde, màá yí ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ti ń tẹ̀ lé mi. Dókítà kékeré yẹn ní kí n má fi ìpàdé wa jẹ ṣá, mo sì ń lọ.

Alábàárù Bódìjà:
Mo ní kí n má kọ nǹkankan, ṣùgbọ́n télọ̀ ti kọ tiẹ̀. Mo ṣe ohun tí Nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe. Sunday, lẹ́yìn tí mo jẹ àmàlà, mo jáde. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òfìfo rìn. Ọrùn mi ò mọ ohun tó máa ṣe, ó ń wá ẹrù. Ọwọ́ mi kàn ń fò káàkiri. Mo rìn lọ títí dé apá Agbowó, mo dúró níwájú géètì UI, mo ra ọsàn, mo bó o jẹ. Kò sẹ́ni tó pè mí ní "alábàárù, wá!" Mo rìn padà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ bá mi lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò dákẹ́ lẹ́nu láti ilé dé Agbowó. Mo gbọ́ orúkọ tíṣà ẹ̀, mo gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń jí pẹ́ńsùlù. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kí n gbé òun sọ́rùn. Mo gbé e. Nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má ru nǹkankan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ìyẹn ò sí lára ẹrù.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n alábàárù, tẹ́ ẹ bá tún jáde lọ́jọ́ Sunday, ẹ jẹ́ ká pàdé ní Sángo, kí ọmọ yín bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, èmi àti ẹ̀yin á máa rìn lẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́?

Alábàárù Bódìjà:
Kò burú. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún, mo fẹ́ kọ́kọ́ sùn.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ó dáa. Ẹ̀yin tó kù, bàtà mi ti ya nísàlẹ̀ látorí òkúta òkè yẹn. Níbo ni mo ti lè rí òkìríkà tó dáa ní Ìbàdàn, sáìsì 43, tí wọn ò ní gún mi lówó?